Omi Tí N Kò Fún Un

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá wọ ilé ìránṣọ mi ní Godomey tó ń nu òógùn ojú, ojú máa ń tì mí. Onítọ̀hún kò mọ nǹkan kan. Yóò jókòó, yóò gba omi, yóò mu ún, yóò sọ irú aṣọ tó fẹ́ kí n rán. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tí mo fi ń sáré gbé omi náà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọmọ Pobẹ̀ ni mí. Lọ́dọ̀ wa, kí á tó bi àlejò ní ohun tó gbé e wá, omi á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, á fi kan ẹnu. Ìyá mi kò fi ẹnu kọ́ mi ní èyí. Ó kàn ń ṣe é lójú mi ni, títí ó fi di tèmi. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán ní Kútọnu, tí mo gba yàrá kan létí títì Godomey níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í ti í dákẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo rà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni gìlásíẹ̀, àpótí tí à ń da yìnyín sí kí omi lè tutù. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Ẹni tó kàn fẹ́ kí n bá òun pààrọ̀ síìpù, omi ń dúró dè é. Àwọn aládùúgbò mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi ni iṣẹ́ mi, aṣọ ni mo kàn fi ń bojú.

Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, n kò sì tíì lọ́kọ. Àbúrò mi ti relé ọkọ, ó ti bímọ, àwọn ọmọ náà ti gbọ́njú tó láti pè mí ní tántì. Ìyá mi kì í yọ mí lẹ́nu lórí rẹ̀. Ì bá sàn kó máa yọ mí lẹ́nu, ǹ bá rí ohun tí mo lè bá a jà lé lórí. Àdúrà ló ń gbà ní tirẹ̀. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí tẹlifóònù, kó tó pa á, á ní, "Olúwa, mú ọkọ rẹ̀ wá fún un ní àkókò tìrẹ." Èmi á ṣe àmín. Àmín yẹn ti gbó lẹ́nu mi. Mo ń ṣe é bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni ẹni tó ń kọjá lọ.

Kí n sọ òótọ́, èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn. Bí abẹ́rẹ́ bá kán mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń bá a wíjọ́. Bí mo bá jókòó sẹ́yìn zémidjan, ọlọ́kadà tiwa, tó ń fi alùpùpù rẹ̀ rìn jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń tẹ ohun ìsáré tí kò sí níbẹ̀, tí mo tún ń fi ara sún un síwájú. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ní àkókò. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sọ àkókò náà fún mi.

Ìjọ tí mò ń lọ wà ní Cadjèhoun, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń gbéra, ariwo rẹ̀ á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ á dákẹ́, á na ìka kan sókè, gbogbo wa á sì dúró síbi tí ọ̀rọ̀ bá wa títí á fi kọjá. Ó ti mọ́ wa lára. Bí àlejò bá wà láàárín wa, ìgbà yẹn la fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí òun nìkan ni á máa wo òkè àjà.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ akọrin wa. Akọ̀wé ni ní èbúté. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í pariwo. Bí àwọn tó ń gbé ohùn kejì bá ṣìnà, á dúró, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sú u títí wọ́n á fi rí i ṣe. Èmi tí mò ń bá abẹ́rẹ́ wíjọ́ máa ń jókòó sẹ́yìn, mo máa ń wò ó. Mo máa ń rò ó pé bí irú ẹni báyìí bá bá mi gbélé, bóyá ara tèmi náà á balẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun náà kò sọ fún mi ju "Arábìnrin, ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Lọ́dún náà, ìjọ pinnu láti rán aṣọ tuntun fún àwọn akọrin, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ ní ọdún Àjíǹde. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo lọ ra aṣọ funfun àti sátíìnì aláwọ̀ àlùkò ní ọjà Dantokpa, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, olórí akọrin á gun alùpùpù rẹ̀ láti Cadjèhoun dé Godomey nínú oòrùn, kó lè wo ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Bó bá ti ń wọlé, mo ti gbé omi lé e lọ́wọ́. Á mu, á dúpẹ́, á wo aṣọ, á lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, pásítọ̀ wàásù lórí ìránṣẹ́ Ábúráhámù tó lọ wá ìyàwó fún Ísáákì, bó ṣe dúró létí kànga, tó ní kí Ọlọ́run fi omi ṣe àmì fún òun. Rèbékà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ládugbó lé èjìká ni ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra. Pásítọ̀ na ìka sókè. Gbogbo wa dákẹ́, ládugbó ṣì wà léjìká Rèbékà, ariwo ń ró lórí wa. Inú ariwo yẹn ni mo ti gba àdúrà tèmi. Mo ní, "Olúwa, bó bá jẹ́ arákùnrin yìí ni, jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kí n fún òun lómi mu." Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ara mi ti yá gágá. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ilé ni mo dé kí n tó rí ibi tí ọgbọ́n náà kù sí. Ọkùnrin yìí kò lè tọrọ omi lọ́wọ́ mi láéláé. Ẹni tí omi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó, kí ló fẹ́ tọrọ omi fún? Ẹlòmíràn tí orí rẹ̀ pé ì bá sọ pé kí òun fi ọ̀rọ̀ àmì sílẹ̀, kí òun máa wo Ọlọ́run lójú. Èmi gbé gìlásíẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo tì í sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi àjákù aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní mò ń ran Ọlọ́run lọ́wọ́ ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Olórí akọrin wọlé, ó kí mi, ó jókòó. Mo kí i dáadáa. Mo bi í léèrè iṣẹ́, mo bi í léèrè àlàáfíà àwọn ará ilé, mo béèrè gbogbo ohun tí ọmọlúàbí máa ń béèrè. Omi nìkan ni n kò dárúkọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí gìlásíẹ̀ máa ń wà, ó yíjú kúrò. Mo rí i nígbà tó wò ó. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ọrùn.

Nígbà tí n kò gbọ́ kó tọrọ, mo ní kó dìde kó wọ aṣọ akọrin tirẹ̀ wò. Aṣọ náà nípọn, a fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Mo de ọrùn aṣọ náà pa. Mo fi pínnì sí i, mo yọ ọ́, mo tún fi sí i. Mo ní kó yí sọ́tùn-ún, mo ní kó yí sósì. Òógùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí fáànù mi ń fẹ́ sì gbóná bí èéfín ààrò. Onísùúrù ni, ó dúró. Ó dúró títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti èmi tí mò ń yí i, ṣùgbọ́n n kò dáwọ́ dúró. Mo ti ṣe é débi pé bí mo bá gbé omi fún un nígbà náà láìjẹ́ pé ó tọrọ, gbogbo ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ á lọ lásán.

Níkẹyìn ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Arábìnrin, pàdọ́ọ̀ o, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wá omi díẹ̀, kí n mu."

Omijé lé sí mi lójú. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fa gìlásíẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì. Ó wo gìlásíẹ̀ náà, ó wò mí. Bó ṣe ń mu omi ni mo rántí pé Rèbékà tún fún àwọn ràkúnmí lómi. Mo yọjú síta. Alùpùpù rẹ̀ wà nínú oòrùn, ìjókòó rẹ̀ dúdú, ó gbóná tó ohun tí wọ́n lè fi dín ẹyin. Mo bu omi, mo jáde lọ, mo dà á lé ìjókòó náà lórí, mo fi aṣọ nù ún. "Kó má baà jó yín," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí irú àánú báyìí rí. Ó lọ tán, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, n kò sì lè rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run ti fi ọkọ mi hàn mí, pé olórí akọrin wa ni.

"Ògo ni fún Ọlọ́run!" ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ó ń bọ̀ wá wí i, mà."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde."

Ẹ má bi mí níbi tí mo ti rí ìyẹn. Ọdún Àjíǹde ni mo máa parí aṣọ, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé bí aṣọ bá parí, ọ̀rọ̀ á jáde. Bí mo ṣe bá Ọlọ́run dá ọjọ́ nìyẹn, láì bi Í bóyá ọjọ́ náà wọ̀ fún Un.

"Ṣé kí n wí fún bàbá rẹ?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń pè bẹ́ẹ̀, òun ni olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá tó bí mi ti kú.

Ó yẹ kí n ní kó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ìyá mi létí mi, ó ti yípadà, ó ń ta sókè bí ohùn ọmọge. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ wí fún un, mà."

Láti ìgbà náà, ìpè kan kò jọ ìkejì. Ẹbí ti gbọ́. Wọ́n ti fi ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ọdún Àjíǹde sí ọjọ́ tí àwọn ará Kútọnu máa wá kanlẹ̀kùn, ìyẹn ọjọ́ tí ẹbí ọkùnrin máa ń kọ́kọ́ wá sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà àwọn ará ilé. Àwọn obìnrin ìjọ wọn ní Pobẹ̀ náà ti gbọ́. Ìyá mi ra ọ̀dà funfun. Ilé amọ̀ ni ilé wa, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, eruku pupa Pobẹ̀ sì ti mu ún dé ìdajì ògiri. Ìyá mi ní òun kò ní í jẹ́ kí àna òun bá eruku lára ògiri. Bó bá ń sọ ọ́ báyìí, mo máa ń wá ọ̀nà láti ní kíláyéǹtì ti dé.

Ní tèmi, mo ti dá gìlásíẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà. Olórí akọrin ń wá, ó ń gba omi, ó ń dúpẹ́, ó ń lọ. Mo ní ojú ló ń tì í. Mo ní, "Olúwa, ọ̀sẹ̀ yìí ni o." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà lọ, mo ní, "Olúwa, ó dára, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo ń yọ̀ǹda ọjọ́ fún Ọlọ́run bí ọ̀gá tó ń ṣàánú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde ló fẹ́ wá kó aṣọ. Mo wọ aṣọ tó dára, mo fi lọ́fíńdà sára. Nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀, n kò dúró kó wọlé, mo gbé omi, mo pàdé rẹ̀ níta. Ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kí mi. Olórí akọrin ní, "Arábìnrin, ẹ wo fiyọ̀ńsé mi, àfẹ́sọ́nà mi. Olùkọ́ ni, ní Àjàṣẹ́." Ó sọ fún mi pé ìdílé Àgùdà ló ti wá, ọmọ ìjọ Pádà látìrandíran, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn. Àwọn méjèèjì ti ń dúró dè wọ́n láti ọdún mélòó kan, wọn kò bá wọn jà, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ó má baà dà bíi pé wọ́n ń fi ẹnu ayé tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdílé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Sùúrù tí mo ti ń wò lára ọkùnrin yìí, tí mo ń gbà lérò pé èmi ni yóò wúlò fún, ọmọbìnrin yìí ló ń fi dúró dè.

"Ẹ̀yin lẹ da omi sórí alùpùpù, àbí?" ọmọbìnrin náà wí. "Ó sọ ọ́ fún mi, a sì sọ ọ́ títí. Mo sọ pé tántì tó ṣàánú ènìyàn tó báyẹn, òun ni màá jẹ́ kó rán rọ́ọ̀bù ìgbéyàwó mi."

Ike omi kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fún un. Mo padà sínú ilé lọ mú ti ọkùnrin náà, mo sì wà nídìí gìlásíẹ̀ yẹn pẹ́, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì sínú yìnyín. Mo jáde, mo rẹ́rìn-ín, mo kí wọn kú oríire. Mo fi téèpù wọn àyà ọmọbìnrin náà, mo wọn ìbàdí rẹ̀. Ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní oòrùn ni. Mo rán aṣọ náà nígbẹ̀yìn, mo sì rán an dáadáa, nítorí kò ṣẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, àwọn akọrin dìde nínú aṣọ funfun, gbogbo ìjọ sì hó yèè. Aṣọ náà bá gbogbo wọn mu. Ọrùn ti olórí akọrin ló gún jù, mo ti fi pínnì sí i tó. Láàárín orin, ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra, wọ́n dákẹ́, a sì dákẹ́. Mo fẹ́ gbàdúrà nínú ariwo náà bí mo ti ṣe níjọ́sí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni, "Ìwọ lo tàn mí." Ojú wá tì mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo rí gìlásíẹ̀ yẹn lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú àjákù aṣọ lórí rẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi í síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú tó tì mí lójú Ọlọ́run kéré. Ìyá mi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó pè mí ní ọ̀sẹ̀ náà, n kò gbé e. Ó tún pè, mo wo tẹlifóònù náà títí ó fi dákẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, ìyá mi ni mo rí níbẹ̀, pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́. N kò lè fi tẹlifóònù sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, mo wọ takisí lọ sí Pobẹ̀.

Mo rí ilé wa láti òkèèrè. Ó funfun báláú láàárín àwọn ilé pupa, bí eyín tuntun lẹ́nu àgbàlagbà. Wọ́n ti kó àga oníke ìjọ wá, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá mi jáde láti ẹ̀yìn ilé. Kò bi mí ìdí tí n kò fi gbé tẹlifóònù. Kò bi mí ohun tó dé tí mo fi dá wá. Ó wọlé, ó gbé omi jáde, ó nà án sí mi.

Ọwọ́ mi gbà á, ẹnu mi kò lè mu ún. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ti gbá mọ́, mo ní, "Ìyá mi, wọn kò wá mọ́." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwàásù, àdúrà, gìlásíẹ̀, aṣọ tó nípọn, alùpùpù, ọmọbìnrin Àjàṣẹ́. N kò fi ìkankan pamọ́. Ó fa àga kan yọ, ó jókòó, ó ń wo ẹnu mi.

Nígbà tí mo sọ tán, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà tó wọlé, tó jókòó, ìwọ kò fún un lómi?"

"Mo fún un nígbà tó tọrọ, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ìgbà tó tọrọ."

Mo gbé omi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Nínú oòrùn?"

"Nínú oòrùn, mà."

Mo rò pé ó máa bú mi nítorí ọ̀dà, tàbí nítorí àga, tàbí nítorí ojú tó fẹ́ tì í ní gbogbo Pobẹ̀. Kò dárúkọ ọ̀kan. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ọmọ tí òun bí nínú ojú mi tí kò rí i.

"Rèbékà tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn," ló wí, "ṣé ó fi omi pamọ́ ni?"

Mo sunkún. Kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n tẹ̀ lé e, èmi ni kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ó ní, "Èmi ni mo pè wọ́n, èmi ni màá lọ sọ fún wọn. Ìwọ mu omi rẹ." Mo dúró lábẹ́ máńgòrò, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà pupa yẹn, ó ń rìn gbọọrọ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ìtìjú kan tún wà tó ju ìyẹn lọ.

Ẹbí gbọ́. Àwọn obìnrin ìjọ kò gbọ́, nítorí ọ̀nà wọn jìn síra. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ní méjì méjì, nínú aṣọ tó dára, wọ́n ń kọrin láti ìta. Mo fẹ́ sá sínú ilé. Ìyá mi ti wọ aṣọ tó rà fún ọjọ́ náà. Ó ní aṣọ kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó kí wọn, ó fún wọn ní àga, wọ́n sì jókòó, wọ́n kọjú sí ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà ni?"

"Mọ́tò kò bàjẹ́," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. "Ọmọ mi ló ṣáájú Ọlọ́run jáde nílé, èmi náà sì sáré tẹ̀ lé e. Ẹ má bínú sí wa. Ẹni tí à ń retí kò tíì dé." Ó yíjú sí mi. "Gbé omi wá fún wọn."

Mo gbé omi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹni tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, mo ń kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kò lè wo ojú mi, wọ́n ń wo ògiri funfun. Mo dé ọ̀dọ̀ màmá àgbà kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, tó dájú pé kò gbọ́ ohun tí ìyá mi wí. Ó gba ike omi náà, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì fi ohùn rara bi mí, "Ọkọ dà?"

Mo wo ìyá mi, bóyá ó máa bá mi dáhùn. Ó ń wo ibòmíràn. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi ẹnu sí etí màmá náà, mo sọ ọ́ sókè tí gbogbo wọn fi gbọ́.

"Kò tíì dé, mà."

"Ó dáa," ló wí. Ó mu omi náà tán, ó na ike sí mi padà, ó ní, "Bù sí i wá fún mi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

N kò ka ìyẹn sí àmì kankan. Mo dìde, mo lọ bù sí i.